KRL 210: Irúgbìn Àlìkámà fún Ilẹ̀ Oníyọ̀

Sáà àlìkámà kan ni mo lò lẹ́bàá ìlú Karnal, ní ìpínlẹ̀ Haryana ní ilẹ̀ Íńdíà, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tí iyọ̀ ti wọ oko rẹ̀, láti oṣù kọkànlá tí a gbìn títí di oṣù kẹrin tí a kórè. Irúgbìn méjì la gbìn sí oko náà: HD 2967, tí ó wọ́pọ̀ lágbègbè náà, àti KRL 210, tí ilé ìwádìí ìjọba lórí ilẹ̀ oníyọ̀ (CSSRI), tí ó ti wà ní Karnal láti 1969, dìídì ṣe fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, iyọ̀ ti yọ sójú ilẹ̀ bí ẹni da ẹfun sí i. Omi tí a fi rin oko dúró fún ọjọ́ méjì kí ó tó fà, nítorí sódíọ̀mù, èròjà kan nínú iyọ̀ náà, a máa tú amọ̀ ká, amọ̀ náà á sì dí ihò tí omi ìbá gbà wọlẹ̀. HD 2967 kò lè fara dà á: ewé rẹ̀ gbẹ láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀ bí èyí tí iná rà, ibẹ̀ sì wá dà bí orí tí làpálàpá mú. Ní ti KRL 210, ewé ìsàlẹ̀ nìkan ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ti òkè tutù yọ̀yọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó yọ sì so ṣírí.

Ọ̀kan nínú ohun tí ń gba irú àlìkámà bẹ́ẹ̀ là ni pé gbòǹgbò rẹ̀ a máa dá sódíọ̀mù dúró kí ó má bàa bá omi gòkè dé ewé. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe makaróni kò mọ iṣẹ́ yìí ṣe tó. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba ní Ọsirélíà, fi mú jíìnì kan (èròjà àjogúnbá) láti ara àlìkámà àtijọ́ wọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì kéde ní 2012 pé ìkórè rẹ̀ fi tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ oníyọ̀.

Àwọn kan á ní irúgbìn mìíràn tí ń jẹ́ Kharchia 65 fara da iyọ̀ ju KRL 210 lọ, òótọ́ sì ni. Láti ara àlìkámà ìbílẹ̀ àwọn ará Rajasthan ni wọ́n ti mú un jáde. Ṣùgbọ́n pòròpòrò rẹ̀ ga, atẹ́gùn a máa wó o, àrùn ìpẹtà a máa tètè mú un, kì í sì í so tó. Ẹni tí yóò tà nínú ìkórè rẹ̀ kò ní fi KRL 210 sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àbùkù kan tí mo rí kì í ṣe ti irúgbìn fúnra rẹ̀. Àpò kan tí a rà lọ́wọ́ olùtajà kan lọ́jà ní àdàlù nínú, èyí tí a kò mọ̀ àfi ìgbà tí ṣírí rẹ̀ yọ ní gíga mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo àmì ìfọwọ́sí ìjọba lára àpò kí ẹ tó sanwó.

Òdiwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe KRL 210 sọ pé ó lè fara dà mọ ni pH 9.3 (pH ni òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tàbí tí kò kan) àti iyọ̀ 6 dS/m (òṣùwọ̀n bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀). Igun kan nínú oko náà kọjá bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbìn ín síbẹ̀ láìkọ́kọ́ da jípsọ̀ọ̀mù, èròjà tí ń lé sódíọ̀mù kúrò lára amọ̀, sí i, koríko tí a fà níbẹ̀ sì ju àlìkámà lọ.