Hilux àbí L200: èwo ni kí n fi rọ́pò píkọ́ọ̀pù mi?

Píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó kòkó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́ ti sú mi o, ó dákú lọ́nà lọ́jọ́ kan, òjò sì pa gbogbo àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dùn mí dọ́kàn. Mo wá ń wo Toyota Hilux oní-lítà 2.7 tó ń lo bẹntiróòlù àti Mitsubishi L200 oní-lítà 2.5 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tòkúnbọ̀ ni méjèèjì.

L200 lágbára lóòótọ́, tẹ́rù bá wúwo tẹ́ ẹ sì ń gun òkè, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ jù kó tó fà á, kì í sì í mu epo tó Hilux. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń mú kí fáàfù àti písítìnì inú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa lọ sókè sódò láìkọlura, tí ìyẹn bá já lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì á kọlura, owó ńlá nìyẹn. Ṣéènì ni ti Hilux, ìyẹn kì í tètè já.

Hilux wọ́n, àmọ́ kò sí mẹkáníìkì tí ò mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á, kì í pẹ́ tà. Òun ni màá mú.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ dùbúlẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀, ẹ fi ìka ha ṣáṣíì, ìyẹn irin gígùn tó gbé ọkọ̀ ró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríìnì ẹ̀yìn, tí ìpẹtà bá ń ṣí bí èèpo igi, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ.