Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ onímọ̀ ìgbọ́ràn tó bá ọmọ wa dé inú kíláàsì

Nígbà tí à ń wá ìrànlọ́wọ́ fún ọmọbìnrin wa tí kì í gbọ́ràn dáadáa, tó wà ní JSS2 nílùú Ìbàdàn, gbogbo ohun tí a ń rí kà kò ju iye owó ẹ̀rọ etí lọ. Ẹ̀rọ tí a rà dára, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí òbí kan bá bi mí léèrè ibi tí owó wa ti ṣiṣẹ́ jù, màá ní ọjọ́ tí onímọ̀ ìgbọ́ràn, ìyẹn audiologist, fi ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ tó wá jókòó sínú kíláàsì ọmọ wa ni.

Dókítà etí ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé kò sí ìdọ̀tí tó dí etí, kò sì sí ọyún níbẹ̀, kó tó darí wa sọ́dọ̀ onímọ̀ ìgbọ́ràn náà, tó jẹ́ obìnrin. Obìnrin yìí fi rọ́bà kékeré kan dí ẹnu ihò etí, ó sì fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i láti mọ̀ bóyá awọ etí ń mì bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló mú ọmọ wọ yàrá kan tí ariwo kì í wọ̀, ó gbé hẹ́dífóònù lé e létí, ó sì ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kí ohùn náà kéré tó. Ẹ̀yìn ọmọ ló ní kí n jókòó sí, kí ojú mi má baà máa fi ìdáhùn hàn án. Ó tún pe àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún un, ó sì fi bébà bo ẹnu bó ṣe ń pè wọ́n.

Èsì rẹ̀ wà lórí àwòrán tí wọ́n ń pè ní audiogram: àmì òdo pupa fún etí ọ̀tún, àmì X aláwọ̀ búlúù fún etí òsì. Níbi tí àwọn ohùn tó nípọn wà, àmì méjèèjì wà nítòsí 20 dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó), èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tó ń gbọ́ dáadáa mu. Ṣùgbọ́n láti 2000 Hertz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe tín-ínrín tó) sókè, wọ́n já wálẹ̀ dé 55 àti 60, ìyẹn ni pé ohùn gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀ kó tó lè gbọ́ ọ. Ó ṣàlàyé pé àwọn fáwẹ́lì àti ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ̀ yàtọ̀, ibi tí ọmọ náà ti ń gbọ́ ketekete ni wọ́n wà jù, nígbà tí s, f àti ṣ wà níbi tí kò ti gbọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń bá ìyá àgbà rẹ̀ tàkúrọ̀sọ nílé láìsí wàhálà, tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo béèrè bóyá ibà tó ṣe é nígbà tó wà ní ìkókó ló fà á, tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un nígbà náà, ó ní àyẹ̀wò ìgbọ́ràn nìkan kò lè sọ ìyẹn, dókítà ni kí n padà bi. Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oníṣòwò kan ti fi ẹ̀rọ etí olówó pọ́ọ́kú lọ̀ wá, èyí tí wọ́n ń tà láìṣe àyẹ̀wò kankan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé gbogbo ohùn ga bákan náà, títí kan èyí tí ọmọ ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì lè ba ìgbọ́ràn tó kù jẹ́. Ti obìnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ó ki okùn tín-ínrín oníhò kan bọ ihò etí ọmọ láti wọn bí ohùn ẹ̀rọ náà ṣe ń dún níbẹ̀ gan-an, torí ihò etí ọmọdé kéré ju ti àgbà lọ, ohùn sì máa ń le sí i nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tó wá sí ilé-ìwé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọn kíláàsì nígbà tó ṣófo, ó wọ̀n ọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ó sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Ti ìkẹyìn yìí ju 60 dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì lọ. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya kíláàsì náà sí pátákó fún ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́. Bí ohùn olùkọ́ bá jẹ́ 65 ní mítà kan sí ẹnu rẹ̀, yóò di nǹkan bí 59 ní mítà méjì, àti 53 ní mítà mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ohùn olùkọ́ fi nǹkan bí 15 ga ju ariwo lọ kí ọmọ tí etí rẹ̀ kò pé tó lè tẹ̀lé e. Níbi tí ọmọ wa ń jókòó sí lẹ́yìn, ariwo ló ga ju olùkọ́ lọ. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ àìfọkànsí lẹ́yìn ìyẹn.

Obìnrin náà kò sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ wa sí iwájú pátápátá, bí gbogbo wa ti rò. Ìlà kejì ló yàn fún un, lẹ́bàá ògiri tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kó lè máa rí ojú olùkọ́, kó sì lè yíjú wo ọmọ tó bá ń dáhùn ìbéèrè. Ó ní kí wọ́n gé sílípáàsì àtijọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àga, kí ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì lè dín kù. Olùkọ́ ìṣirò ń ṣàlàyé lọ tòun ti ẹ̀yìn tó kọ sí àwọn ọmọ, obìnrin náà sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ọ́ tán ná, kí ẹ tó kọjú sí wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu yín ló ń wò.” Ọkùnrin náà gbà, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní. Wọ́n tún gbà láti máa kọ iṣẹ́ àmúrelé sí pátákó dípò kí wọ́n máa kéde rẹ̀ nígbà tí aago bá ti lù. Òjò nìkan ni apá ò ká: bó bá ń rọ̀ sórí páànù, kíkọ ni wọ́n ń kọ títí yóò fi dá.

Máìkì kékeré tí olùkọ́ ń fi kọ́ ọrùn, tó ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sínú ẹ̀rọ etí, ṣe gudugudu méje. Wàhálà rẹ̀ ni pé olùkọ́ kan ń jáde, òmíràn ń wọlé, wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ sọ́rùn tàbí sórí tábìlì. Mọ́nítọ̀ kíláàsì ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn báyìí, tó sì ń pa á bí olùkọ́ bá ń jáde, kí ọmọ wa má baà máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ní ti ilé, onímọ̀ ìgbọ́ràn náà kọ́ mi ní àyẹ̀wò òwúrọ̀ kan: màá dúró sẹ́yìn ọmọ wa, màá pe “áà”, “úù”, “íì”, “mm”, “ṣṣ” àti “ss” láìtò wọ́n bákan náà lójoojúmọ́, òun yóò sì máa sọ èyí tó gbọ́. Bí “ss” bá sọnù, bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni ike etí, ìyẹn ike ẹ̀rọ náà tó ń wọ inú ihò etí, bóyá ìdọ̀tí ti dí i.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn kì í ṣe kékeré. Wọn kò sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀ pé owó ọ̀tọ̀ ni àbẹ̀wò sí ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí òbí máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti sanwó ẹ̀rọ. Ike tí wọ́n ń fi ẹ̀dà etí ọmọ ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé, bẹ́ẹ̀ etí ọmọ ń dàgbà, ike àtijọ́ á di gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa hó fíì-fíì nínú kíláàsì títí ojú fi ń ti ọmọ. Ìwé èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sí ilé-ìwé kún fún iye oríṣiríṣi tí olùkọ́ kankan kò lè lò. Ìgbà tí mo bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ èkejì, ojú ìwé kan péré, tó sọ ohun tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe, tó sì tọ́ka sí òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀, èyí tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Èkejì yìí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá àwọn olùkọ́.

Síbẹ̀, mo gba òbí tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá kàn níyànjú pé kí ó wá irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá àbẹ̀wò sí ilé-ìwé wà nínú iye tí wọ́n pè, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa pààrọ̀ ike etí àti iye tí yóò gbà, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó ti máa ra bátìrì. Ilé-ìwé ọmọ wa ti ní kí obìnrin náà wá yẹ etí àwọn ọmọ JSS1 wò nígbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì ti ń jíròrò lórí bí a ó ṣe dá owó rẹ̀.