Owó Onírin Mòngólíà Ti Ọdún 1925: Ohun Tí Mo Rí Nínú Àkójọ Tí Mo Rà

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá àkójọ owó onírin Mòngólíà ti ọdún 1925 tí ó pé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí n tó rí i rà lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ bàbà, ìyẹn möngö 1, 2 àti 5. Márùn-ún yòókù jẹ́ fàdákà, láti orí möngö 10, 15, 20 àti 50 títí dé tugrik 1, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún möngö. Leningrad ní ilẹ̀ Sófìẹ́tì (St. Petersburg òde òní) ni wọ́n ti rọ gbogbo wọn, ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí wọ́n kéde Mòngólíà ní orílẹ̀-èdè olómìnira ti àwọn ará ìlú, nígbà tí fàdákà Ṣáínà àti tíì tí a fún pọ̀ bíi bíríkì ṣì ń ṣiṣẹ́ owó níbẹ̀.

Tugrik ni mo kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n. Ó wọn gíráàmù 20 gẹ́lẹ́ bí ó ti yẹ, òòfà kò sì fà á. Nínú ìwọ̀n yìí, gíráàmù 18 jẹ́ fàdákà gidi, bákan náà pẹ̀lú ruble fàdákà ti Sófìẹ́tì ìgbà náà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò náà kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ọ́ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilà tín-ín-rín tí ọwọ́ ẹni tí ó ha á fi sílẹ̀ hàn gbangba lórí Soyombo, àmì orílẹ̀-èdè Mòngólíà, nígbà tí mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ìbànújẹ́ gbáà ni, nítorí fàdákà tí a bá ti ha kò ní àwọ̀ ogbó rẹ̀ mọ́. Mo kọ̀wé sí i, ó sì dá díẹ̀ padà nínú owó mi.

Soyombo yìí gan-an ni ó fà mí sí owó wọ̀nyí. Zanabazar, olórí ẹ̀sìn Búdà, ni ó ya á ní ọdún 1686, síbẹ̀ ìjọba sósíálíìsì gbé e sórí owó tuntun tirẹ̀, iná lókè, oòrùn àti òṣùpá nísàlẹ̀ iná. Ó yẹ kí oníṣòwò náà ṣàlàyé ọdún fún oníbàárà, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀: 15 ni a kọ sára wọn ní nọ́ńbà Mòngólíà, nítorí pé láti ọdún 1911 tí wọ́n kúrò lábẹ́ ìjọba Qing ti Ṣáínà ni wọ́n ti ń kà á, 1911 fúnra rẹ̀ sì ni ọdún kìíní. Ẹni tí ó bá rí 27, ọdún 1937 ni. Nígbà yẹn, níkẹ̀lì àti bàbà ti gba ipò fàdákà. 35 ni 1945, nígbà tí Cyrillic, irú lẹ́tà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, ti lé ìkọ̀wé òòró àtijọ́ kúrò lórí owó.

Möngö 10, 15 àti 20 kò wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì irin inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn péré ni fàdákà, wọ́n kéré, ojú wọn sì tètè ń pa rẹ́. Möngö 5 oníbàbà ni mo fẹ́ràn jù: ó fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí igi obì, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì ṣì dúró ṣinṣin. Lójú tèmi, òun nìkan tó iye tí mo san lórí àwọn oníbàbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tugrik tí ẹnikẹ́ni kò ha rí ni mo ṣì ń wá.