Oṣù márùn-ún tí mo fi gba ìtọ́jú ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà fún psoriasis ní Guangzhou

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó rí ìgbọ̀nwọ́ mi lọ́dún tó kọjá tí wọ́n tún wá rí i báyìí ò yéé bi mí pé kí ni mo lò, mo sì ti ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan títí ẹnu fi ń ro mí, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ọjà aṣọ Zhongda, ní Guangzhou níbí, ni mo ti ń ra ọjà ránṣẹ́ sílé, psoriasis yìí sì ti wà lára mi láti ọdún mẹ́sàn-án: ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, orúnkún, ìbàdí, àti inú irun orí. Ẹni tó bá ní in á mọ̀ ọ́n. Awọ ibẹ̀ á ki, á máa hó funfun bí ìpẹ́ ẹja, tí mo bá jí láàárọ̀ mo gbọ́dọ̀ gbọn bẹ́ẹ̀dì kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Nílé, làpálàpá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mo fi ewé asùnwọ̀n para, mo ra oríṣiríṣi kírìmù làpálàpá, kò gbọ́, torí kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ràn, ara fúnra ẹ̀ ló ń bá awọ jà. Ó wá yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà náà ṣe irú àṣìṣe yẹn: niupixuan ni àwọn ará ìta ń pè é, ìyẹn ni pé làpálàpá awọ màlúù. Kódà àwọn pósítà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òpó iná àti ẹnu ọ̀nà ilé onílé, niupixuan ni wọ́n ń pè é, torí ó le láti ṣí kúrò.

Kí n tó dé ọsibítù mo ti kọ́kọ́ ko ara mi sí wàhálà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí ilé mi tí wọ́n ti máa ń wọ́ èèyàn lára, obìnrin tó wà níbẹ̀ ní òun á fa májèlé jáde lẹ́yìn mi. Wọ́n á ṣáná sínú ife gíláàsì kékeré, wọ́n á dé e mọ́ ẹ̀yìn kíá, awọ á fà wọnú ife, bí àwọn Hausa ṣe máa ń fi ìwo ṣe é nílé. Ife mẹ́sàn-án ni wọ́n dé mọ́ mi lẹ́yìn. Ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́, mi ò purọ́, àmọ́ nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ibi tí etí ife wà gan-an ni psoriasis tuntun hù sí, ó rí roboto bí ẹni fi ife tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo dé ọsibítù ni mo tó mọ̀ pé nǹkan yìí lórúkọ, orúkọ dókítà ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Köbner ni wọ́n fi pè é: tí psoriasis bá ṣì ń gbóná lára, ibi tẹ́ ẹ bá ti họ, ibi tẹ́ ẹ bá ti gún tàbí tẹ́ ẹ fà, ó lè hù síbẹ̀. Obìnrin ọ̀hún rí ara mi kó tó gbé ife, kò bi mí ní nǹkan kan.

Ọsibítù ìjọba tó ní ẹ̀ka awọ ni mo wá lọ, orí WeChat, áàpù tí gbogbo èèyàn ń lò níbí, lẹ ó ti gba nọ́ńbà láti rí dókítà, àbúrò kan tó ń kàwé níbí ló bá mi túmọ̀. Màmá àgbà kan ni dókítà náà. Wọ́n ní kí n yọ ahọ́n, wọ́n fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi, wọ́n tún tẹ tòsì, wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé inú ẹ̀jẹ̀ ni nǹkan yìí ti ń wá: ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ gbóná, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dáadáa. Wọ́n dárúkọ Zhao Bingnan fún wa, àgbà oníṣègùn awọ ní Beijing tó kú lọ́dún 1984, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tó mú mi fọkàn tán màmá yìí ni pé wọ́n sọ ọ́ gbangba pé lára àwọn ará Ṣáínà, ojú psoriasis máa ń pọ́n fòò ni, lára èmi aláwọ̀ dúdú ó dà bí eérú tó lu àlùkò, torí náà ahọ́n àti ọrùn ọwọ́ tí àwọn tẹ̀ ni àwọn máa tẹ̀ lé ju ohun tí ojú rí lára awọ lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Wọ́n ní kí n fi ata, ọtí, ẹran àgùntàn àti edé sílẹ̀. Ata! Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lè pa ti ata mọ́, ẹ má bínú.

Àgbo tí wọ́n kọ fún mi, mo dá díẹ̀ mọ̀ nínú ẹ̀: shengdi tó dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, danshen tó pọ́n bí igi osùn, tufuling, zicao, àti òdòdó huaihua. Ẹ ó rẹ ẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ó sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò amọ̀, wọn ò gbà kí èèyàn lo ìkòkò irin, ẹ ó da omi méjèèjì pọ̀, ẹ ó mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó korò débi pé ewúro ń ṣojú rere. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sè é fúnra mi, òórùn ẹ̀ gba gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, aládùúgbò kàn mí nílẹ̀kùn, mo bá ní kí ọsibítù máa sè é, wọ́n máa ń dì í sínú ọ̀rá pélébé pélébé, ẹ kàn máa rì í sínú omi gbígbóná ni. Ó yà mí nígbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló ṣiṣẹ́ gan-an, ìpara búlúù ni. Qingdai lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á rẹ ewé kan sínú omi títí á fi jẹrà, wọ́n á kó ewé kúrò, wọ́n á da ẹfun òkúta sí i, wọ́n á máa lù ú títí á fi hó, ìfóòfó ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́ sá gbẹ. Bí wọ́n ṣe sọ èyí fún mi báyìí, àyà mi là, torí aládìrẹ ni màámi, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, iwájú ìkòkò aró ni mo dàgbà sí. Ewé tiwọn kì í ṣe èlú tiwa, àmọ́ aró kan náà ló ń jáde nínú méjèèjì. Mo fọ́n díẹ̀ sórí ìka níwájú fídíò, màámi wò ó, wọ́n ní, "Aró rèé nù un!" Nígbà tí mo délé ní Disẹ́ńbà mo fún wọn ní ike kan, wọ́n fi ìka méjì rà á wò, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí lọ bu aró inú ìkòkò para o, ọ̀pọ̀ aláró ló ń da sódà sí i nísinsìnyí, ó máa bó yín lára.

Àwọn dókítà ní Taiwan dán ìpara yìí wò, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2008: èèyàn 42, wọ́n fi qingdai pa apá kan ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ìpara lásán pa apá kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, èèyàn 31 ni ojú ibi tí wọ́n fi qingdai sí mọ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èmi náà, ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìpẹ́ dín kù, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ìgbọ̀nwọ́ mi ti tẹ́jú. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń rẹ gbogbo nǹkan láró: ìrọ̀rí, tówẹ̀lì, àpò ọwọ́ aṣọ mi, gbogbo ẹ̀ di ìyẹ́ agbe. Ìró àtijọ́ ni mo ń tẹ́ sùn.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa la ojú yín rèé. Dókítà náà bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní àwọn ò ní fún mi ní leigongteng nìyẹn, oògùn ìbílẹ̀ wọn tó lágbára ni, àmọ́ ó lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó lè dín àtọ̀ ọkùnrin kù, ó sì ń bá ẹ̀dọ̀ jà. Qingdai náà, pípara ni mo lò ó, mi ò gbé e mì, torí lópin ọdún 2016 ìjọba Japan kìlọ̀ nípa àwọn tó ń gbé e mì nítorí àrùn ìfun tí ẹ̀jẹ̀ wá ń ru nínú iṣan tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àti àwọn kírìmù tí wọ́n ń sọ pé ewé lásán ni tó ń wò yín sàn lọ́jọ́ mẹ́ta: lọ́dún 1999, wọ́n yẹ 11 irú ẹ̀ wò ní London, dexamethasone, oògùn òyìnbó kan tó lágbára nínú àwọn steroid, wà nínú mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé wà nínú àwọn tí wọ́n fi ń pa lára. Tí ẹni tó ń tà á ò bá lè dárúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ gbé owó yín kúrò níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Àgbo ọ̀sẹ̀ kan ò wọ́n ju 320 yuan lọ lọ́dọ̀ tèmi, ìpara kò tó 40. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ó dáa lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò wò mí sàn pátápátá o, dókítà náà ò sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Orí mi ṣì ń hó, ìpara búlúù ò ṣeé fi sínú irun, calcipotriol, oògùn òyìnbó fún psoriasis, ni wọ́n fún mi fún ibẹ̀, èékánná mi náà ò tíì yí padà. Ọ̀nà ọ̀fun tó dùn mí ní Jánúárì tún mú kékeré hù ní orúnkún. Mo ti dá àgbo dúró báyìí, ìpara nìkan ni mo ń fi, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, roboto mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn mi ti tẹ́jú, ó ku àpá dúdú.