Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Irin Nínú Ilẹ̀: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà ní England?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí metal detector, ẹ kọ́kọ́ lọ wá onílẹ̀ tó máa gbà kí ẹ gbẹ́lẹ̀. Ní England, kò sí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀, irú ilẹ̀ tí ẹ bá sì rí gbà ló máa sọ irú ẹ̀rọ tó yẹ yín. Mẹ́ta ni mo fi wéra níbí: Garrett ACE 300i, Nokta Simplex+ àti XP Deus II.

Garrett, tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Frequency 8 kHz ló ń lò, ìyẹn ni pé ìgbì tó ń rán wọlẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bátìrì AA mẹ́rin ló sì ń jẹ, èyí tí ẹ lè rà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí. Àwo ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń wá irin lè wọ omi, àmọ́ àpótí òkè tí bọ́tìnnì wà kò gbọdọ̀ kan omi. Bí òjò bá ṣú, ẹ tètè fi nǹkan bò ó. Ó tó fún pápá màlúù tó gbẹ. Tí ẹ bá gbé e dé etí òkun tó lómi iyọ̀, á kàn máa pariwo lásán ni.

Simplex, ọmọ Turkey, ni èmi máa rà tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lowó mi ká. Iná ni wọ́n fi ń gba agbára sí i, gbogbo ara rẹ̀ ló lè wọ omi dé mítà mẹ́ta, 12 kHz rẹ̀ sì ń gbọ́ owó fàdákà pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ ju Garrett lọ. Iyọ̀ òkun ṣì ń dà á láàmú díẹ̀.

Deus II láti ilẹ̀ Faransé wọ́n gan-an. Kò tó kílò kan, nítorí náà apá kì í ro yín bí ẹ bá ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ frequency ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ kò sì lè tàn án jẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí abúlé àtijọ́ wà rí, tí ìṣó kún ilẹ̀ bámúbámú, ibẹ̀ ni ẹ ti máa jẹ èrè owó tí ẹ ná lé e: ó máa ń ya fàdákà sọ́tọ̀ láàárín ìṣó. Ẹni tó ní pápá màlúù kan ṣoṣo kò nílò rẹ̀.

Èyí yòówù kí ẹ mú, ẹ fi pinpointer kún un, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ láti fi mọ ojú ibi tí irin wà gan-an nínú ihò. Owó àtijọ́ àti iyẹ̀pẹ̀ máa ń pa àwọ̀ pọ̀; láìsí i, ẹ ó máa fọwọ́ fọ́ ògúlùtu lọ́kọ̀ọ̀kan, owó náà á sì tún bọ́ sínú ihò.

Ní ti àṣẹ, tó bá jẹ́ pé ńṣe ni àgbẹ̀ háyà oko, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òun àti onílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe pín ohun tí ẹ bá rí. Etí odò Thames ní London ń fẹ́ ìwé àṣẹ Port of London Authority, àjọ tó ń bójú tó odò náà. Ní ibi ìtàn tí ìjọba dáàbò bò, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ẹ̀rọ wọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ Historic England, àjọ tó ń bójú tó ibi ìtàn ní England.

Òfin Treasure Act 1996 sọ pé ẹni tó bá rí ìṣúra gbọ́dọ̀ fi tó coroner (òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣèwádìí ikú àti ìṣúra) létí láàárín ọjọ́ 14. Ní 2009, Terry Herbert fi ẹ̀rọ ògbólógbòó wá oko Fred Johnson ní Staffordshire, pẹ̀lú àṣẹ. Wúrà àwọn Anglo-Saxon, àwọn tó gbé England ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ló bá pàdé, £3.285 mílíọ̀nù ni wọ́n dá lé e, òun àti onílẹ̀ sì pín in lógbọọgba. Àwọn méjì tó rí ìṣúra ayé Viking (àwọn jagunjagun orí omi láti àríwá Yúróòpù) ní Herefordshire ní 2015 gbé tiwọn pamọ́, wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bá lọ ní 2019.

Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti gbé ẹ̀rọ yìí wá sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ National Commission for Museums and Monuments ló ń jẹ́ kí ènìyàn wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń wà ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì lè wà nísàlẹ̀, àwọn onímọ̀ tó máa kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀ ló yẹ kó hú u.