Ìkìlọ̀: Gàárì tí wọ́n tẹ XW sí lára, tí inú rẹ̀ kò fẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹṣin yín ní ẹ̀yìn gbòòrò, tí ẹ ti wá gàárì títí tó sú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta gàárì àlòkù. Gbogbo èyí tó bá gbé jáde ni XW máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju fífẹ̀ lọ. Irọ́ gbuu ni. Gàárì tí wọ́n ṣe fún ẹṣin tí ara rẹ̀ kò fẹ̀ ló ń fi ipá yà níwájú, á ha àmì àtijọ́ kúrò, á tẹ tuntun sí i, á wá bu owó gọbọi lé e. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó ń jẹ́ lónìí lè má jẹ́ èyí tó máa jẹ́ lọ́la. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ dá mọ̀.

Kò ṣèèṣì dojú kọ àwa. Ẹni tó bá ní irú ẹṣin bíi Haflinger, Fjord, ẹṣin Iceland tàbí cob mọ ohun tí mò ń sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹṣin Lárúbáwá tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú tó sì fẹ̀. Èjìká wọn kò yọ gegele, eegun ìhà wọn là síta láti ibi ọ̀pá ẹ̀yìn kó tó tẹ̀ wálẹ̀, gàárì sì máa ń yí lórí wọn. Kéèyàn rí èyí tó jókòó dáadáa kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, bí ojú wa bá kan lẹ́tà méjì yẹn, ara wa á yá gágá, ọkùnrin yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí tó tà fún mi. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, awọ iwájú rẹ̀ ti hunjọ lápá kan, ó sì nà tantan lápá kejì. Orí ìṣó tó mú irin iwájú mọ́ igi, ìyẹn egungun inú gàárì tó gbé e ró, ti yọ sókè, àpá òòlù sì wà lára awọ tó yí wọn ká. Mo gbé etí gàárì apá òsì sókè, níbi tí wọ́n tẹ ìwọ̀n sí. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà M (ìwọ̀n àárín) tí wọ́n ha kúrò ṣì ń hàn fírí. XW tí wọ́n tẹ̀ lé e lórí jìn ju nọ́ńbà gàárì lọ, ó sì wọ́, kò bá nọ́ńbà náà tò sójú ìlà kan. Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ igi iwájú mú, mo fún wọn pọ̀. Ó dún kẹ́ẹ̀, ó sì mì. Igi gàárì tó pé kì í mì bẹ́ẹ̀, kì í sì í dún.

Èyí tó wá burú jù ni àárín rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tìmùtìmù méjì ló wà lábẹ́ gàárì, ọ̀nà kan sì gba àárín wọn kọjá kí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin lè rí ibi mí. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ níwájú, ìka mẹ́rin wọlé fàlàlà. Mo dé àárín, méjì ló gbà. Lápá ẹ̀yìn, méjì yẹn gan-an ń há. Ó yẹ kí ọ̀nà yẹn gba ìka mẹ́ta sí mẹ́rin láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹṣin tí ara rẹ̀ fẹ̀ sì máa ń fẹ́ kó sún mọ́ mẹ́rin.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ọkùnrin náà wà. Igi gàárì kì í ṣe iwájú nìkan. Ó ní iwájú tó dà bo èjìká, ó ní ọ̀pá méjì tó gùn lọ sẹ́yìn, tìmùtìmù sì wà lábẹ́ wọn. Bí èèyàn bá fi ipá la iwájú, ẹsẹ̀ igi á là síta lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pá méjèèjì á dúró síbi tí wọ́n wà, ọ̀nà àárín á sì fún bó ṣe fún tẹ́lẹ̀. Tún wo bí orí igi náà ṣe rí. Èyí tó rí bíi lẹ́tà V kò lè di U nítorí pé wọ́n yà á, V tó là gbàgà ló máa dà. U ni ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ nílò.

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n tún gàárì ṣe o. Oníṣẹ́ gàárì tó mọṣẹ́ dunjú ní ẹ̀rọ tó fi ń la irin inú àwọn igi kan díẹ̀, àwọn gàárì kan sì wà tó jẹ́ pé irin iwájú wọn ṣeé yọ, kéèyàn fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn bí oníṣòwò bá sọ ọ́ síta, tí ìyókù gàárì sì fẹ̀ tó. Èyí tí mo bá jà ni kéèyàn fi òòlù ya igi, kó ha àmì, kó sì pè é ní ohun tí kì í ṣe.

Ohun tí irú gàárì bẹ́ẹ̀ ń fojú ẹṣin rí kò kéré. Gàárì tó fún jù kì í jókòó, ó máa ń ga níwájú ni. Ẹni tó gùn ún á fì sẹ́yìn, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ á rọ́ sí ẹ̀yìn gàárì, ẹsẹ̀ igi á sì máa fún ẹṣin lẹ́yìn pátákó èjìká. Ẹṣin tèmi kọ́kọ́ ń di etí mọ́rí nígbàkigbà tó bá rí mi tí mo gbé gàárì bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ń yíjú bù jẹ nígbà tí mo bá ń di ọ̀já abẹ́ ikùn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Bí wọ́n bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀yìn èjìká á joro, ihò méjì á jìn síbẹ̀, irun funfun á sì hù síbi tí gàárì ti pa á lára. Gbogbo èèyàn máa ń sọ pé bí òógùn ṣe rin ẹ̀yìn ẹṣin lábẹ́ gàárì ló ń fi hàn bóyá gàárì bá a mu, ẹ rọra gbà á o. Ibi tó gbẹ láàárín ibi tí òógùn ti rin lè jẹ́ ibi tí gàárì ń tẹ̀ jù, ó sì lè jẹ́ ibi tí gàárì kò kàn rárá. Ọwọ́ tí ẹ bá kì bọ abẹ́ rẹ̀ ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí oníṣòwò náà, gbogbo èsì rẹ̀ ló dùn létí. Ó kọ́kọ́ ní kí n fi aṣọ tó nípọn sábẹ́ gàárì. Ẹni tí bàtà fún, tó wá lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ẹsẹ̀, ìyẹn ni ohun tó ní kí n ṣe fún ẹṣin mi. Ó tún ní awọ á rọ̀ tó bá yá. Awọ lè rọ̀, irun àgùntàn tí wọ́n kì sínú tìmùtìmù lè fún pọ̀, ṣùgbọ́n igi kì í fẹ̀ nítorí pé wọ́n jókòó lé e. Ó ní kí n di ọ̀já ikùn le sí i kí gàárì má bàa yí. Nígbà tí ìyẹn kò mú mi, ó ní ẹṣin mi ló sanra jù. Òótọ́ ni pé ẹṣin mìíràn sanra ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà ẹranko ló sì yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ló ń yọ́, eegun ìhà kì í rù.

Ó ní ọgbọ́n méjì mìíràn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra gàárì lè máà fura sí. Bí ẹ bá béèrè bí gàárì ṣe fẹ̀ tó, á ní íǹṣì 17 àtààbọ̀. Ìwọ̀n ìjókòó ẹni tó máa gùn ún nìyẹn, kò kan ẹ̀yìn ẹṣin. Bí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ọn, á fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín òrùka kékeré méjì tó wà níwájú gàárì, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tó bá wu ilé-iṣẹ́ kálukú ló ń kan òrùka wọ̀nyẹn mọ́, kò sọ ohunkóhun nípa igi. Àmì XW fúnra rẹ̀, kódà tí kì í bá ṣe ayédèrú, kò ní ìwọ̀n kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ jọ fẹnu kò sí. W (fífẹ̀) ti ilé-iṣẹ́ kan lè fẹ̀ ju XW òmíràn lọ. Nítorí náà, ẹ má fi lẹ́tà ra gàárì.

Ohun tí ẹ máa fi rà á ni àwòrán ẹ̀yìn ẹṣin yín. Ẹ mú un dúró síbi tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kó sì kọjú síwájú. Ẹ fọwọ́ wá etí pátákó èjìká rẹ̀ lápá ẹ̀yìn, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó tó ìka méjì sí ìka mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ rúlà tó ṣeé tẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láti ìhà kan dé ìkejì, kí ẹ gbé e sórí páálí láìjẹ́ kó yẹ̀, kí ẹ fi báírò tọ̀ ọ́, kí ẹ sì gé e. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn àti níbi eegun ìhà tó kẹ́yìn, kí ẹ wá tẹ rúlà náà tọ ọ̀pá ẹ̀yìn láti iwájú lọ sẹ́yìn kí ẹ lè mọ bó ṣe tẹ̀. Ẹṣin sábà máa ń ní eegun ìhà 18 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gàárì kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí èyí tó kẹ́yìn ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwa tí ẹṣin wa fẹ̀ tó sì kúrú, ibẹ̀ ni gàárì tó fẹ̀ dáadáa ti sábà máa ń já wa kulẹ̀, torí pé ó gùn jù.

Ẹ fi páálí yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó gbé e sábẹ́ gàárì, kó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ní kó fi téèpù wọn ọ̀nà àárín níwájú, ní àárín àti lẹ́yìn, kó ya àwòrán àmì ìwọ̀n àti nọ́ńbà gàárì láti itòsí, kó sì fi fídíò hàn yín bó ṣe ń fún ẹsẹ̀ igi pọ̀ tí kò mì. Ẹ fi nọ́ńbà náà béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn lè sọ ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é sí. Oníṣòwò gidi lè ráhùn pé iṣẹ́ yín pọ̀, àmọ́ á ṣe é. Ọkùnrin yìí kò dá ẹnì kan tó béèrè irú ẹ̀ lóhùn mọ́. Ẹni náà ló sọ fún mi. Bí ẹ bá sì fura pé fọ́tò tó ń fi hàn kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sórí bébà, kó gbé e lé gàárì, kó sì tún fọ́tò yà.

Bí kò bá gbà kí ẹ gbé e lé ẹṣin wò kí títà tó di títà, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ní ẹlòmíràn ti ń kówó bọ̀. Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má tíì fi aṣọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì tíì di ọ̀já. Ẹ gbé e lé iwájú díẹ̀, kí ẹ fà á sẹ́yìn títí á fi jókòó fúnra rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá kan iwájú àti ẹ̀yìn, tí àárín sì ṣófo, kò dáa. Bó bá ń jì síwá sẹ́yìn, kò dáa. Ẹ fi báírò lélẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀. Bó bá yí lọ sẹ́yìn pátápátá, iwájú ga jù. Bí ẹnì kan bá ti gùn ún, ẹ tún gbogbo rẹ̀ wò, torí gàárì máa ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ èèyàn. Bí ẹ bá lè rí oníṣẹ́ gàárì tí kò ní gàárì tà, ẹ san owó fún un kó wá wò ó. Ẹni tó ń wọn ẹṣin tó tún ń ta gàárì, ojú méjì ló fi ń wo ọ̀rọ̀ yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Oníṣòwò yìí máa ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ bí ìgbà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, kó lè dín iye rẹ̀ kù fún yín. Owó tó bá gba ibẹ̀ lọ, ó ṣòro kó padà. Káàdì ni mo fi san tèmi, mo sì ti fẹjọ́ sun àwọn oníkáàdì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì náà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni ibi tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló tẹ XW náà àti pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan igi rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, kó má jẹ́ lórí fóònù nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ sọ gàárì náà kalẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin lónìí, igi tí wọ́n ti fi òòlù yà lè ṣẹ́ lábẹ́ yín. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ẹ má sì tún gàárì náà tà fún ẹlòmíràn. Ẹ tan iná sí abẹ́ etí gàárì apá òsì láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹ bá rí lẹ́tà tí wọ́n ha lábẹ́ XW, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn oníkáàdì ń bi mí bóyá èmi nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún.