ID-11 tàbí Rodinal, HP5 tàbí FP4: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ máa fọ fíìmù dúdú-àti-funfun n'Ífẹ̀ rà?

Oògùn ìfọfíìmù ni ID-11 àti Rodinal, fíìmù ni HP5 àti FP4. Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó náwó. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sínú ìwé oògùn ìfọfíìmù, omi 20°C ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Omi ẹ̀rọ wa ní Lágéré tàbí Mayfair sábà máa ń ju 25°C lọ, bí omi bá sì ṣe gbóná sí ni oògùn ń yára sí. Ìṣirò Ilford fúnra wọn, àwọn tó ń ṣe ID-11 àti fíìmù méjèèjì, ni pé ohun tó gba ìṣẹ́jú 4 ní 20°C yóò gba 3 ní 23°C. Bí ìfọ̀ bá wá kéré sí ìṣẹ́jú 5, oògùn kì í kárí fíìmù dọ́gba mọ́, ojú ọ̀run inú àwòrán á sì máa ṣe àbàwọ́n.

Ìyẹ̀fun ni ID-11, omi 40°C lẹ ó fi pò ó. HP5 Plus nínú rẹ̀ láìbomi là gba ìṣẹ́jú 7½ ní 20°C. Ní 26°C, ó ti já sí bíi 4, ìyẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bomi là á, oògùn kan omi kan, ó di ìṣẹ́jú 13, á sì ṣì ku bíi 7 nínú ooru wa. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó lọ́nà mìíràn níbí. Hóró rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó máa ń hàn nínú àwòrán, kúnná, ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán kì í sì í sọnù. Àléébù rẹ̀ ni pé lítà kan, báyìí, kò ju fíìmù 6 lọ, bí ìgò bá sì ti dé ìdajì, oṣù kan ló kù fún un. D-76 ti Kodak fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ pátápátá, àmọ́ ẹ má fi ìṣẹ́jú ọ̀kan lo èkejì.

Rodinal, tí wọ́n ti ń tà láti 1891, olómi ni. Ẹ fi sírínjì fa mílílítà 6 sínú omi 294, ó tán. Ìgò mílílítà 500 á fọ fíìmù tó lé ní 80, a sì máa pẹ́ lọ́dúnlọ́dún lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni HP5 nínú rẹ̀: hóró á pọ̀. FP4 Plus ló bá a mu, ìṣẹ́jú 15 ní 20°C, àwòrán á sì mú rekete.

Ní ti fíìmù, FP4 (125, ìyẹn nọ́ńbà bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) ni ti oòrùn: kí kámẹ́rà ṣí fún ìdá 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, kí ihò lẹ́ńsì wà ní f/16. HP5 (400) á ní kí ẹ lọ sí 1/500, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ parí sí. Inú ilé àti ìrọ̀lẹ́ ni HP5 ti wúlò. Ẹni tó ń fọ fíìmù kan lóṣù, FP4 àti Rodinal. Ẹni tó ń yàwòrán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, HP5 àti ID-11.

Ẹ má gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́ láìdán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọ agbádá ẹtù lé bùbá funfun, kó dúró sójú oòrùn. Bó bá jẹ́ HP5, ẹ yà á bíi pé nọ́ńbà fíìmù jẹ́ 400, lẹ́yìn náà 200 àti 100, kí ẹ máa tún un yà títí fíìmù 36 yóò fi tán. Nínú òkùnkùn, ẹ gé e sí mẹ́ta: ẹ fọ ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú tí ìṣirò fún yín, ẹ dín ìdá kan nínú márùn-ún kù nínú ti èkejì, ẹ fi kún ti ẹ̀kẹta.

Ẹtù ló ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù gbà. Nọ́ńbà tó ga jù tí ìlà tín-ín-rín inú aṣọ náà ti hàn dáadáa ni kí ẹ máa lò. Bùbá funfun ló ń sọ ti ìfọ̀: ẹ tẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù lé ìwé ìròyìn, bí ẹ kò bá rí lẹ́tà kankan lábẹ́ ibi tí bùbá wà, ẹ ti fọ̀ ọ́ jù. N'Ífẹ̀ tí a ti ń ya aṣọ àlà àwọn olùsìn Ọbàtálá lójú oòrùn ọ̀sán, fíìmù tí a fọ̀ jù á pa gbogbo ìṣẹ́po aṣọ náà rẹ́.

Bí iná bá wà, ẹ fi píọ̀ wọ́tà tó ti dì, láìjá a, sínú abọ́ omi tí ẹ gbé ìgò oògùn sí, kí tẹmómítà lè sọ̀ kalẹ̀ sí 24°C. Fíìmù mẹ́ta irú kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ fi ọ̀kan dán an wò. Ẹ fi ìyókù sínú fíríjì, kí ẹ sì yọ ọ́ síta fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó tú u, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára.